Ọmú Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Gbẹ

Ẹ kú ilé o, Màmá. Ẹ kú ìdí ààrò, ẹ kú èéfín ojú. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá níbi tí wọ́n jókòó sí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Sọ́lá, mo kí ọkọ wọn, mo sì kí Tóyìn, ọmọ tuntun wọn tí mi ò tíì fi ojú rí. Mo kí olùkọ́ tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Ẹ má fo ibì kankan nítorí àwọn tó bá jókòó tì yín.

Màmá, ọmú mi ti gbẹ. Kì í ṣe àìsàn ló gbẹ ẹ́, kì í ṣe iṣẹ́, kì í sì í ṣe ìyà. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ ẹ́ nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méje. Ó ti lé ní oṣù méjì báyìí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí ẹ ń pè mí, tí ẹ ń bi mí bóyá ọmọ ń mu ọmú dáadáa, tí mo ń sọ pé ó ń mu, irọ́ ni mo ń pa fún yín. Mo máa ń sọ ọ́ kíákíá, kí n tó bèèrè bí ọjà ṣe rí, kí ẹ má baà gbọ́ ohùn mi.

Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, torí láti ọjọ́ tí Ìyá Kẹ́hìndé ti ọ̀dọ̀ mi padà sílé, ẹ ò gbé fóònù mi mọ́. Ìyá Kẹ́hìndé kó ẹrù wá sí ọjà níbí, wọ́n ní àwọn ò lè dé Kútọnù kí àwọn má yà kí ọmọ. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń fi ìgò fún Àbẹ̀kẹ́ ní wàrà agolo. Wọ́n bi mí pé kí ló ṣe ọmú mi. Ojú tì mí, mo ní iṣẹ́ ni. Wọ́n wo àyà mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn mọ ẹ̀yin ìyàwó Kútọnù, ẹ ò fẹ́ kí àyà yín wọ́, ẹ fẹ́ kó máa dúró ṣánṣán bíi ti ọmọge tó ń lọ síbi ijó. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe mi nìyẹn, ẹ̀rín yẹn ni wọ́n gbé délé. Ẹnì kan tó ti ilé wá sọ fún mi pé nídìí ẹ̀rọ omi, Ìyá Alágolo ni àwọn obìnrin ń pè mí báyìí, àti pé nígbà tí ẹ̀yin bá dé ibẹ̀, wọ́n á dákẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn èdè wa, èyí tí ẹ máa ń jókòó gbọ́ lẹ́yìn ìsìn. Ohun tí wọ́n sọ lójú gbogbo ayé, ojú gbogbo ayé náà ni mo fẹ́ dá a lóhùn. Kì í ṣe kí n lè wẹ ara mi mọ́ o. Nígbà tí olùkọ́ bá kà á tán, ẹ máa rí i pé ohun tí mo ṣe burú ju èyí tí wọ́n ń sọ lọ.

Àbẹ̀kẹ́ kò tíì pé oṣù kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Gbogbo ọmọ ló ń bì, mo mọ̀. Ẹ̀yin náà sọ fún mi lórí fóònù pé kí n máa gbé e lé èjìká, kí n máa gbá a lẹ́yìn kó lè gùfẹ̀. Mo gbá a lẹ́yìn títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn máa fi etí aṣọ nù kúrò. Á mu ọmú tán, á dákẹ́ díẹ̀, á wá na ara gan bí igi, á ju orí sẹ́yìn, á figbe ta, gbogbo ohun tó mu á sì tú jáde ní ẹnu àti ní imú. Ebi á tún máa pa á. Á tún wá ọmú. Bó bá sì ti rí i báyìí, á máa mu, á máa sunkún, nígbà kan náà. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, kí ọmọ máa sunkún torí ohun tó ń wá.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ògiri kan ló ya àwa àti obìnrin Fọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Pọ́ọ̀lù. Òun ló ń ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ mi bá wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí ìhà àríwá, tó lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó tó dé. Màmá Pọ́ọ̀lù máa ń sọ pé ọmọ yìí ti gba oyè àlùfáà kí wọ́n tó bí i, nítorí kò sí ẹni tó gbé e tí kò wọ́n omi sí lára. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó gbé e lẹ́ẹ̀mẹta, ó pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ìrìbọmi òun ti ju ti bíṣọ́ọ̀bù lọ báyìí. Mo rẹ́rìn-ín débi tí mo fi ń sunkún. Nígbà tó rí i pé ẹkún ni, ó ní ẹ̀yin Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ẹ máa ń dààmú lórí ọmọ jù, èébì náà máa lọ. Ó sọ ọ́ tàánútàánú. Ṣùgbọ́n kò lọ.

Ẹ mọ̀ pé ilé fọ́tòkópì kan nítòsí fásitì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Màdáámù tó ni ibẹ̀ gbà pé kí n máa gbé ọmọ wá. Tó bá ti mu ọmú tán, mi ò gbọdọ̀ tẹ́ ẹ, bó bá ti dùbúlẹ̀, ó tú jáde nìyẹn. Nítorí náà ìdúró ni mo máa ń wà, ọmọ lórí èjìká òsì, mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí ìwé lórí ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kan ó bì sórí ìwé àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ kan, gálá, sí àárín ojú ìwé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ nù ún. Ọmọkùnrin náà wò ó, ó ní kó má dà mí láàmú, ó ní ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ òótọ́ fún òun nípa ìwé náà nìyẹn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Màdáámù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún un tẹ̀, ó sì ní kí n bá òun wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kí àwọn oníbàárà tó sá tán.

Òjò náà bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Òjò ibí kò dà bíi ti ilé, tí ilẹ̀ pupa wa á mu ún tán kó tó di ọ̀sán. Níbí, ó máa dúró sí ẹnu ọ̀nà bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Aṣọ ọmọ kò gbẹ. Mo sá a sínú yàrá, mo sá a sórí àga, mo sá a sórí ibùsùn, gbogbo ilé ń rùn bíi wàrà tó ti kan. Mo máa ń jókòó sáàárín rẹ̀, mo ń ronú pé bó bá jẹ́ ilé ni mo wà, ẹ̀yin ni ẹ máa wẹ ọmọ, Ìyá Sọ́lá ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi, èmi á sì sùn. Mi ò bèèrè ju oorun lọ nígbà yẹn.

Ní gbogbo àkókò yẹn, Màmá, ẹ̀yin ń fi wàgàsì, wàrà dídì tí ẹ ń tà, ránṣẹ́. Ní gbogbo ọjọ́bọ̀ ni mo ń lọ gbà á lọ́wọ́ onítakisí ní ibùdókọ̀. Ẹ ń ṣa èyí tó dára jù nínú èyí tí àwọn ìyá Fúlàní bá gbé wá, ẹ ń fi pòròpórò bọ̀ ọ́ kó pupa, ẹ ń fi ewé dì í kó má baà bàjẹ́. Ẹ ní abiyamọ tó bá ń jẹ wàgàsì kì í ṣàìní omi ọmú. Mo jẹ ẹ́. Mo sè é sínú ọbẹ̀, mo dín in, mo fi jẹ gààrí. Nígbà míì òun nìkan ni mo máa ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí kò sí àyè láti dáná. Mo sì ń bu wàrà lúbúlúbú sínú ẹ̀kọ mi láàárọ̀, kí ara lè gba okun. Bí mo bá ṣe ń jẹ ẹ́ tó ni ọmọ ń bì tó. Mi ò rí i. Ojú mi kò sí níbẹ̀ rárá.

Ibo ni ojú mi wà? Ó wà lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà.

Ẹ rántí ìgbà tí Ìyá Sọ́lá bí Sọ́lá. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyá Àgbà, ìyá Bàbá, wá láti Odòmẹ́ta, wọ́n ní kí n já ewé kan wá. Wọ́n ní kí Ìyá Sọ́lá fún omi ọmú sí i, ẹ̀kán kan ṣoṣo. Wọ́n gbé ewé náà sí ojú ọ̀nà èèrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èmi ni mo dì í mú. Àwọn èèrà yí i ká, wọ́n lá a, wọ́n bá tiwọn lọ. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmú yìí dùn, ẹ gbé ọmọ wá. Mo bi wọ́n pé tí èèrà bá kú ńkọ́. Wọ́n ní ọmú náà korò nìyẹn, a kì í fi irú rẹ̀ fún ọmọ, yóò máa bì í títí yóò fi tán.

Yóò máa bì í títí yóò fi tán. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi mọ́. Mi ò pè yín láti bèèrè, nítorí mo mọ̀ pé tí mo bá bèèrè, ẹ máa mọ̀ pé nǹkan kò dáa. Mo ṣe é fúnra mi, láàárọ̀ Sátidé kan, lẹ́yìn tí ọkọ mi ti gbéra. Àgbàlá wa kò ní ewé kankan, sìmẹ́ńtì ni gbogbo rẹ̀. Mo mú ṣíbí ìmùkọ. Mo fún omi ọmú sínú rẹ̀ títí ó fi kún, torí mo rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni ìdáhùn yóò ṣe dájú tó. Mo ṣa èèrà mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo ṣúgà, mo jù wọ́n sí i. Wọ́n ń ta ẹsẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ká ẹsẹ̀ jọ. Wọ́n kú.

Màmá, mo kàwé dé ibi tí wọ́n ti ń la inú ọ̀pọ̀lọ́ wò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ńtì yẹn, mo sì gba èèrà mẹ́ta gbọ́.

Mi ò fún un lọ́mú mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo ra wàrà agolo, mo ra ìgò. Ọ̀já tí ẹ rà fún mi láti fi pọn ọmọ ni mo fi di àyà mi, mo fà á le. Ọmú náà kún, ó le bí òkúta, ibà mú mi. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá ti sunkún, omi á rin ọ̀já náà jáde. Mo ń wo ibi tó rin, mo ń sọ fún ara mi pé májèlé ni, jẹ́ kó máa ṣòfò. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, kò rin mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu wàrà agolo yẹn tí nǹkan fi burú sí i. Ara rẹ̀ sú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa, ó ń bẹ́ pẹ́pẹ̀pẹ́. Ó ń bì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, bí okùn pupa tín-ín-rín. Nígbà tí wọ́n wọn ọmọ nílé ìwòsàn, agbẹ̀bí kan wo ìwé àjẹsára rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó rò pé òṣùwọ̀n ló bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ni a sùn síbẹ̀. Nígbà tí ẹ pè mí lọ́jọ́ Àìkú yẹn, tí ẹ gbọ́ ariwo àwọn ọmọ tó ń sunkún, tí mo ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà, ilé ìwòsàn ni mo wà.

Dókítà àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, obìnrin ni, ó bi mí ní ohun gbogbo tí mo jẹ láti ọjọ́ tí mo ti bímọ. Mo kà á fún un: àkàsà, ọbẹ̀, wàgàsì, ẹ̀kọ oníwàrà, wàgàsì. Ó gbé bíìrò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ara àwọn ọmọ kan wà tó máa ń bá wàrà màlúù jà bí ẹni pé ọ̀tá ló wọlé. Ó ní ohun tí ìyá bá jẹ, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń dé inú ọmú, díẹ̀ yẹn sì ti tó láti da ọmọ bẹ́ẹ̀ láàmú. Ó ní omi ọmú mi kò ní nǹkan kan tó ṣe é. Ká ní mo fi wàgàsì àti wàrà sílẹ̀ ni, ọmú náà gan-an ni oògùn rẹ̀. Wàrà agolo ńkọ́? Ó ní màlúù fúnra rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà mo yọ ọmọ mi kúrò nínú díẹ̀, mo tì í sínú púpọ̀.

Ó wá bi mí pé kí ni mo rí tí mo fi já a lẹ́nu ọmú. Mo sọ fún un nípa ṣíbí. Kò bú mi. Ó ní nígbà tí mo bá délé, kí n bu omi tó mọ́ sínú ṣíbí kan náà, kí n ju èèrà sí i.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kú sínú omi náà.

Ọkọ mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó wo ṣíbí, ó wò mí, ó ní gbogbo ìwé tí mo kà yìí, ta ni mo kà á fún? Lẹ́yìn náà ó kó àwọn ìgò ọmọ, ó lọ fọ̀ wọ́n. Ó fọ̀ wọ́n pẹ́.

Màmá mi, kì í ṣe pé mo gbẹ ọmú ni ohun tí ẹ̀rù ń bà mí jù láti sọ fún yín. Ọ̀rọ̀ wàgàsì yìí ni. Mo mọ̀ yín. Mo mọ̀ pé bí olùkọ́ bá ti dé ibẹ̀, ọwọ́ yín á lọ sórí, ẹ máa sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ yín ló tọ́ èmi àti Ìyá Sọ́lá dàgbà, òun ló rán mi lọ sílé ìwé. Ara ọmọ yìí ni kò gbà á, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe wá sáyé. Ẹ máa ta wàgàsì yín. Ẹ kàn má fi ránṣẹ́ sí mi mọ́ ni. Ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo gba èyí tó dé lọ́wọ́ onítakisí, mo gbé e fún Màmá Pọ́ọ̀lù, mo sì sunkún nítorí bí ẹ ṣe dì í dáadáa.

Wọ́n ní kí n gbìyànjú kí ọmú padà. Mo gbìyànjú. Mo ń gbé e sí i lẹ́nu lójoojúmọ́, mo ń mu omi gbígbóná, mo ń mu ọbẹ̀ ẹ̀pà. Á fà á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, á tú u sílẹ̀, á wo ojú mi. Ẹ̀kán díẹ̀ ló ń jáde, kò tó ohun tí Ìyá Àgbà fi sí orí ewé. Wàrà kan wà tí dókítà kọ fún wa, tí wọ́n ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ débi pé ara ọmọ kì í dá a mọ̀. Ó ń rùn bí ọ̀dùnkún tó ti rà, ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ń mu ún, kò sì bì púpọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń dán. Ó rẹ́rìn-ín sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì bojú wẹ̀yìn, mo rò pé ẹlòmíì ló ń rẹ́rìn-ín sí. Ilé oògùn méjì péré ní Kútọnù ni a ti rí wàrà yìí rà, àwọn méjèèjì sì ní ó ti tán, àwọn kò mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi máa gbé òmíràn dé. Láti ọjọ́ Àìkú tí wọ́n máa ka lẹ́tà yìí, èyí tó wà nílé á tó wa ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ ohun tí mo máa fi sẹ́nu ọmọ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Sọ́lá, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Tóyìn àti Àbẹ̀kẹ́ kò ju oṣù kan lọ síra wọn. Mo bi dókítà bóyá ẹ lè fún àwọn méjèèjì lọ́mú. Ó ní abiyamọ tó bí ìbejì ń ṣe é, bó bá ń jẹun tó. Ó ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn Òpómẹ́ta, kí ẹ sì máa gbé ọmọ lọ wọ̀n ní Kétu lọ́sẹ̀ méjìméjì. Ohun tó le níbẹ̀ nìyí: ẹ ò ní fẹnu kan wàgàsì. Ẹ ò ní mu wàrà Fúlàní, ti màlúù tàbí ti ewúrẹ́, ẹ ò ní bu wàrà lúbúlúbú sí ẹ̀kọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ẹ máa fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó gbé ọmọ dé, kó lè tán nínú ọmú yín, ẹ ò sì ní padà sí i títí a ó fi gbà á lẹ́nu ọmú. Mo mọ inú ilé tí ẹ wà. Mo mọ̀ pé láti ìdájí ni ìkòkò wàgàsì ti ń hó nínú àgbàlá yẹn, pé ọwọ́ yín wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Màmá, pé ẹ̀yin lẹ ń tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò. Ẹlòmíì ni yóò máa tọ́ iyọ̀ wò.

Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n bi yín lójú èèyàn, níbi tó ti ṣòro láti sọ pé rárá. Bí ẹ̀yin tàbí ọkọ yín kò bá fẹ́, ẹ má ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ lẹ́tà yìí má sì fi ọ̀rọ̀ dà wọ́n láàmú. Èmi ni mo da ohun tí Ọlọ́run fún ọmọ mi nù, kì í ṣe ẹ̀yin.

Bí ẹ bá gbà, èmi fúnra mi ni yóò gbé e wá. Màdáámù fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà mo ní láti padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ẹlòmíì má baà gba ipò mi. Mo ti ń kọ́ bí mo ṣe máa fi í sílẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń gbé e fún Màmá Pọ́ọ̀lù fún wákàtí kan, mo sì ń wò ó bóyá màá lè mí. Mo mọ̀ pé ọmọ máa ń mọ ẹni tó ń fún un lọ́mú. Bó bá dàgbà díẹ̀, tí mo wá kí i, tó sì sá lọ di aṣọ yín mú, mi ò ní bínú, Ìyá Sọ́lá. Màá jókòó síbẹ̀ títí yóò fi tún mọ̀ mí. Kó sáà wà láàyè láti sá fún mi.

Ẹ̀yin obìnrin tó ń gbọ́ lẹ́tà yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Ìyá Alágolo, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín, òun náà ló tán. Èèrà kò mọ nǹkan kan nípa ọmú, ì báà ṣe lórí ewé, ì báà ṣe nínú ṣíbí. Ohunkóhun tó bá kéré tó èèrà, bí ẹ bá jù ú sínú omi, yóò kú. Bí ọmọ bá ń bì, tó ń na ara gan, tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ má já a lẹ́nu ọmú. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì ka ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń jẹ fún wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú ṣe yín bíi tèmi. Ká ní mo ti sọ fún ẹnì kan ṣoṣo kí n tó mú ṣíbí yẹn!

Màmá, Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí kí ẹ lè wẹ Àbẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ara yín. Ẹ ò ní sunkún ọmọ, ẹ ò ní sunkún ọmọ ọmọ. Bàbá á rí okun ẹsẹ̀ wọn gbà padà. Òjò á rọ̀ dé ibi tí àgbàdo fẹ́ ẹ dé. Ẹ bá mi kí gbogbo àgbàlá, ẹ kí àwọn ìyá Fúlàní tó ń gbé ẹrù wá, ẹ kí àwọn ará ìjọ. Ẹ bá mi kí Ìyá Kẹ́hìndé náà. Mi ò bá wọn jà. Ohun tí mo jẹ́ kí wọ́n rò ni wọ́n sọ.

Ẹ fún mi lésì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, Màmá. Bí ẹ ò bá tíì lè bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ rán onítakisí sí mi lọ́jọ́bọ̀, kó kàn sọ fún mi bóyá Ìyá Sọ́lá gbà tàbí wọn ò gbà.

Èmi ni, ọmọ yín,
Fọláṣadé, ìyá Àbẹ̀kẹ́